Ọta, Kátíríìjì àti Ìyára Ìdé: Àlàyé lórí Yíyan Ọta Ráífù fún Ìṣọdẹ Àgbọ̀nrín ní Ọ̀nà Jíjìn

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan náà, ọta, ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń lò fún ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìbọn. Èkíní ni irin wẹ́wẹ́ tí ọdẹ ń kì sínú ìbọn ṣakabùlà. Èkejì ni odindi ohun tí wọ́n ń kì sínú ìbọn ìgbàlódé, tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ègé irin onímú ṣónṣó tí ó ń ti ẹnu ìbọn jáde lọ bá ẹran. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àdàlù yìí kì í fa wàhálà, nítorí pé ohun tí ó wà níwájú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ a máa fi ìtumọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, tàbí nínú ìtumọ̀ òfin ìṣọdẹ, ó lè sọ òtítọ́ di irọ́. Bí òfin kan bá sọ pé ọta kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju 100 hóró lọ, ègé irin tí ń fò lọ nìkan ni òfin náà ń sọ. Ẹni tí ó bá gbé odindi rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n yóò rí ìwọ̀n tí ó ju ìlọ́po méjì lọ, yóò sì rò pé òun wà ní ìbámu pẹ̀lú òfin nígbà tí òun kò sí.

Yíyan ọta fún ìṣọdẹ àgbọ̀nrín ní ọ̀nà jíjìn jẹ́ ibi tí ó dára láti dán irú ọ̀rọ̀ báyìí wò, nítorí pé ìwúwo, ìyára, agbára àti ìdènà afẹ́fẹ́ pàdé nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fẹ́ orúkọ tirẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Ibi tí ọta lè dé kọ́ ni ó yẹ kí ọdẹ kọ́kọ́ bèèrè, bí kò ṣe ìyára tí yóò ṣẹ́ kù fún un nígbà tí ó bá dé ibẹ̀. Ẹran tí ọta bá lára láìṣe iṣẹ́ rẹ̀ yóò gbé ọgbẹ́ wọ igbó, yóò sì jẹ̀rora kí ó tó kú.

Ẹran tí ọ̀rọ̀ náà kàn

Àgbọ̀nrín inú igbó ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ara ìdílé màlúù àti ewúrẹ́. Ìwo rẹ̀ kì í bọ́ títí ó fi kú. Ẹran tí wọ́n ń dẹ ní Amẹ́ríkà àti ní Scotland wá láti inú ìdílé mìíràn, èyí tí akọ rẹ̀ máa ń bọ́ ìwo lọ́dọọdún, tí òmíràn a sì tún hù. Kò sí ẹ̀yà ìdílé náà kan tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì ti lo àgbọ̀nrín fún un, orúkọ náà sì ti fìdí múlẹ̀. Nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ó tó bí wọ́n bá pè é ní àgbọ̀nrín òkè òkun, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé ẹran kan náà ni.

Ẹ̀yà méjì ni ó wọ́pọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà: onírù funfun, tí ó pọ̀ nínú igbó ìlà-oòrùn, àti elétí ìbaaka, tí ó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn bí Wyoming àti Montana. Ní Scotland, àgbọ̀nrín pupa ni ó tóbi jù. Nínú igbó dídí, ọdẹ a máa yìnbọn ní ibi tí kò ju 100 yáàdì lọ, bẹ́ẹ̀ ni yáàdì kan jẹ́ mítà 0.9144. Lórí òkè àti ní pápá gbalasa, ibi tí igi kò sí láti fara pamọ́ sí, ẹran lè wà ní 300 tàbí 400 yáàdì. Ibi tí ọdẹ ń fojú sùn ni àyà, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Lára onírù funfun tí ó ti dàgbà, ibẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí ínṣì 8 sí 10 lọ.

Àwọn ẹ̀yà kátíríìjì

Ohun mẹ́rin ni ó para pọ̀ di kátíríìjì ráífù. Ikarahun tí wọ́n fi idẹ ṣe ni ó gba àwọn yòókù mọ́ra. Ohun ìdáná kékeré wà ní ìdí rẹ̀, èyí tí òòlù ìbọn ń gbá. Ẹ̀tù wà ní inú. Ọta ni ó dí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tù bá jóná, òkú-ìjóná gbígbóná tí ó ti inú rẹ̀ jáde a máa ti ọta jáde gba inú ọ̀pá ìbọn, ikarahun a sì kù sẹ́yìn. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ó yẹ kí ọta dúró fún ohun tí ń fò lọ nìkan, kí kátíríìjì sì dúró fún odindi.

Àmì ohùn ṣe pàtàkì níhìn-ín ju ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Ẹ̀tù ni ohun tí ń jó nínú ìbọn, ẹtu ni ẹran inú igbó, ẹtù sì ni ẹyẹ. Bákan náà ni ọta kì í ṣe ọ̀tá. Ìwé ìṣọdẹ tí kò bá fi àmì sí i lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ẹran ni wọ́n ní kí òun rọ sínú ikarahun.

Hóró ni orúkọ tí ó bá ìwọ̀n kékeré tí àwọn olùṣe ọta ń lò mu. Láti inú ìwúwo hóró ọkà ni ìwọ̀n náà ti wá ní ilẹ̀ Yúróòpù, 7,000 rẹ̀ ni ó sì wà nínú pọ́ùn kan. Hóró kan tó gíráàmù 0.0648.

Ìyára ẹnu ìbọn àti ìyára ìdé

Láti ìgbà tí ọta bá ti kúrò ní ẹnu ìbọn ni ohun méjì ti ń bá a jà. Òòfà ilẹ̀ ń fà á wá sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń dí i lọ́nà. Ìyára tí ó fi jáde ni ìyára ẹnu ìbọn. Ìyára tí ó kù fún un nígbà tí ó bá ba ẹran ni ìyára ìdé. Ìpolówó ọjà sábà máa ń pariwo ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìkejì ni ó ń ṣe iṣẹ́.

Àfiwé ọta méjì yóò mú ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Èkíní jẹ́ ti kátíríìjì .308 Winchester, tí ó jáde ní ọdún 1952. Ó wúwo tó 150 hóró, ó kúrú, imú rẹ̀ sì kújú díẹ̀. Èkejì jẹ́ ti kátíríìjì 6.5 Creedmoor, tí ó jáde ní ọdún 2007. Ó wúwo tó 143 hóró, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, imú rẹ̀ sì mú ṣónṣó. Ọta kúkúrú a máa jáde pẹ̀lú ìyára tí ó tó 2,820 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ti ọta gígùn jẹ́ 2,700. Ẹni tí kò bá wò ju èyí lọ yóò mú ọta kúkúrú.

Ṣùgbọ́n ní 100 yáàdì péré, ọta gígùn ti ń sáré ju èkejì lọ díẹ̀. Ní 300 yáàdì, ìyára ọta kúkúrú ti di nǹkan bí 2,010, ti ọta gígùn sì jẹ́ nǹkan bí 2,280. Ní 400 yáàdì, 1,770 ni ó kù fún ọta kúkúrú, 2,150 sì kù fún ọta gígùn. Ní 500 yáàdì, 1,560 ni ti àkọ́kọ́, 2,030 ni ti ìkejì. Àwọn àgbà a máa sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tí ó bá fi orí tì í dópin.

Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe mọ afẹ́fẹ́ là sí. Àwọn onímọ̀ a máa fi nọ́ńbà kan díwọ̀n rẹ̀, èyí tí ó yẹ kí wọ́n pè ní òǹkà ìla-afẹ́fẹ́. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe tóbi tó ni ìyára ọta ṣe ń pẹ́ kí ó tó dín kù. Ohun méjì ni ó ń pinnu rẹ̀: ìrísí ọta, àti ìwúwo rẹ̀ bí a bá fi ìbú rẹ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀ pín in. Ti ọta kúkúrú yìí jẹ́ nǹkan bí 0.31, ti ọta gígùn jẹ́ nǹkan bí 0.62.

Èyí hàn nínú agbára pẹ̀lú. Agbára ìrìn a máa bá ìlọ́po ìyára pẹ̀lú ara rẹ̀ lọ, nítorí náà bí ìyára bá dín sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ni yóò kù. Ní ẹnu ìbọn, ọta kúkúrú ní nǹkan bí 2,650 ẹsẹ̀-pọ́ùn, ọta gígùn ní 2,315. Ní 400 yáàdì, ọta kúkúrú ti já sí nǹkan bí 1,040, nígbà tí ọta gígùn ṣì ní nǹkan bí 1,470.

Ìwálẹ̀ àti ìyẹ̀

Ìwálẹ̀ ni ìwọ̀n tí òòfà ilẹ̀ fa ọta wá sí ìsàlẹ̀. Ọta gígùn tí a mẹ́nu kàn yìí a máa wá sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 kí ó tó dé 500 yáàdì, bí wọ́n bá fi ìlà ọ̀pá ìbọn wọ̀n ọ́n. Èyí kì í ṣe ìṣòro ńlá fún ẹni tí ó mọ jíjìnnà ẹran náà, nítorí pé òòfà ilẹ̀ kì í yí padà, awò ìbọn sì ṣeé gbé sókè ní ìwọ̀n tí ó bá a mu.

Ìyẹ̀ ni ó nira. Ìyẹ̀ ni ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ fi ń ti ọta kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iye àkókò tí ọta lò lójú ọ̀run ni ó ń pinnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àkókò tí afẹ́fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, èyí tí í ṣe ìyàtọ̀ láàrin àkókò tí ó lò gan-an àti èyí tí ì bá lò ká ní kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Láti dé 500 yáàdì, ọta kúkúrú a máa lo ìṣẹ́jú-àáyá 0.717 dípò 0.532, ó sì pàdánù 0.185. Ọta gígùn a máa lo 0.641 dípò 0.556, ó sì pàdánù 0.085 péré. Bí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ bá ń fẹ́ ní máìlì 10 ní wákàtí kan, ọta kúkúrú yóò yẹ̀ ní nǹkan bí ínṣì 32, ọta gígùn ní nǹkan bí ínṣì 15.

Ọdẹ kì í lè rí afẹ́fẹ́, kìkì pé ó ń wo koríko àti ewé láti fi díwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá fi máìlì 3 péré ṣì í, ọta kúkúrú yóò kúrò ní ojú ibi tí ó fẹ́ ní nǹkan bí ínṣì 10. Ìyẹn ti kọjá àyà ẹran náà lọ sí ikùn tàbí sí èjìká. Ọta gígùn yóò kúrò ní nǹkan bí ínṣì 4 àti ààbọ̀, ní etí ibi tí ó ṣì lè pa á kíákíá. Òǹkà ìla-afẹ́fẹ́ kò sọ ọdẹ di ẹni tí kì í ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n ó dín iye tí ẹran yóò san fún àṣìṣe rẹ̀ kù.

Bí ọta ṣe ń fẹ̀

Ọta ìṣọdẹ kò gbọdọ̀ gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́. Ó gbọdọ̀ fẹ̀ ní orí bí olú tí ó ṣí, kí ó lè ya ẹ̀dọ̀fóró, síbẹ̀ kí ó ṣì ní ìwúwo tí yóò fi wọlé jìnnà. Ìfẹ̀ yìí ni ó ya ọta ìṣọdẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ọta ológun. Ní ọdún 1882 ni Eduard Rubin ti ilẹ̀ Switzerland fi ẹ̀wù bàbà wọ ọta òjé, kí òjé má baà yọ́ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn nígbà tí ìyára bá pọ̀. Ní àwọn ọdún 1890, ilé iṣẹ́ ohun ìjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Dum Dum lẹ́bàá Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà ṣe irú èyí tí òjé ti yọ imú jáde, tí ó sì ń fẹ̀. Àpérò Hague ti ọdún 1899 sì ka irú rẹ̀ léèwọ̀ nínú ogun. Nínú ìṣọdẹ, òfin dojú kọ ibòmíràn. Ní England àti Wales, Òfin Àgbọ̀nrín ti ọdún 1991 pàṣẹ pé ọta tí imú rẹ̀ rọ̀ tàbí tí ó ní ihò ni kí wọ́n lò. Ohun tí wọ́n kà sí ìkà sí ènìyàn ni wọ́n kà sí àánú fún ẹran, nítorí pé ikú kíákíá ni ọdẹ ń wá.

Ọta kò lè fẹ̀ bí kò bá yára tó. Ìyára tí ó kéré jù lọ tí ó lè mú un fẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n pè ní ìyára ìfẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọta tí wọ́n ṣe fún ìṣọdẹ lásán, ó wà ní nǹkan bí 1,800 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fún ọ̀nà jíjìn lè fẹ̀ ní ìyára tí ó kéré sí èyí. Bí ọta kúkúrú tí ó wà lókè bá ní ìyára ìfẹ̀ 1,800, ọ̀nà rẹ̀ ti parí kí ó tó dé 400 yáàdì. Ó ṣì lè ba ẹran níbẹ̀, ó sì lè lu ú já, ṣùgbọ́n ihò tóóró ni yóò dá sí i lára.

Ewu wà ní ìdà kejì pẹ̀lú. Ọta tí ó tètè ń fẹ̀ lè fọ́ túútúú bí ẹran bá wà nítòsí tí ìyára sì pọ̀. Ní ọdún 1946, John Nosler dẹ ẹran ńlá kan tí í ṣe ìbátan àgbọ̀nrín ní British Columbia ní ilẹ̀ Kánádà, ọta rẹ̀ kò sì wọlé tó. Èyí ni ó mú un ṣe ọta oníyàrá méjì, tí ògiri bàbà wà láàrin rẹ̀. Òjé iwájú a máa fẹ̀, ti ẹ̀yìn a dúró gbọin. Lẹ́yìn èyí ni ọta alálẹ̀mọ́ dé, nínú èyí tí òjé àti ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn, àti ọta bàbà olódindi, tí kò ní òjé kankan nínú. Ọta ìdíje yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Òǹkà ìla-afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè ga gan-an, ṣùgbọ́n ihò ara pátákó ni wọ́n ṣe é fún. Ìfẹ̀ rẹ̀ nínú ẹran kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Òjé, bàbà àti ìlọ́ ọ̀pá ìbọn

Bí ọta òjé bá fọ́, èérún rẹ̀ a máa tàn káàkiri inú ẹran jìnnà sí ojú ọgbẹ́. Òjé sì jẹ́ májèlé. Ní California, igún ńlá tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdọ̀ ti dín kù sí 22 ní ọdún 1982. Ọ̀kan nínú ohun tí ń pa wọ́n ni òjé tí wọ́n ń jẹ nínú ìfun àti òkú ẹran tí ọdẹ fi sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin ní ọdún 2013 láti fòpin sí lílo ọta òjé fún ìṣọdẹ gbogbo, òfin náà sì fìdí múlẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2019.

Bàbà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpààrọ̀ yìí ní ìṣírò tirẹ̀. Sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́rin gbogbo òjé kan wúwo tó gíráàmù 11.3, ti bàbà kò ju 9 lọ. Nítorí náà, ọta bàbà a máa gùn ju ọta òjé tí wọ́n jọ wúwo bákan náà lọ. Ní ọdún 1879, George Greenhill, onímọ̀ ìṣirò Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bí ọta bá ṣe gùn tó ni ó ṣe gbọdọ̀ yí kíákíá tó kí ó má baà ṣubú lójú ọ̀nà. Àwọn ìlà tí ó lọ́ yípo inú ọ̀pá ìbọn ni ó ń mú un yí. Ìwọ̀n tí wọ́n fi lọ́ ni ìlọ́. Ọ̀pá tí ìlọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ínṣì 8 a máa mú ọta yí ju èyí tí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ínṣì 12 lọ. Ọdẹ tí ó bá ra ọta bàbà tí ó wúwo tó ti òjé rẹ̀ àtijọ́ lè rí i pé ìbọn rẹ̀ kò lè gbé e dúró. Ìdí abájọ nìyí tí ó fi sábà máa ń mú èyí tí ó fúyẹ́ díẹ̀. Ní Scotland, àṣẹ ọdún 1985 ní kí ọta àgbọ̀nrín pupa má fúyẹ́ ju 100 hóró lọ. Ní ọdún 2023 wọ́n dín in kù sí 80, kí ọta tí kò ní òjé lè rí àyè.

Ìlànà yíyàn

Láti inú gbogbo èyí, ìlànà yíyàn tò lẹ́sẹẹsẹ. Ọdẹ yóò kọ́kọ́ mọ òfin ibi tí ó ń lọ àti ìlọ́ ọ̀pá ìbọn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú àwọn ọta tí wọ́n ṣe fún ẹran, yóò mú èyí tí ó ní òǹkà ìla-afẹ́fẹ́ tí ó ga, tí ìyára ìfẹ̀ rẹ̀ sì kéré. Yóò wo ibi tí ìyára ìdé ti bá ìyára ìfẹ̀ dọ́gba. Ibẹ̀ ni òpin ọta náà. Yóò wá yìn ín lára pátákó léraléra, kí ó mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò ti lè máa ba ojú ibi tí ó fẹ̀ tó ínṣì 8 nígbà gbogbo. Ibẹ̀ ni òpin ọdẹ. Èyí tí ó bá kúrú nínú òpin méjèèjì ni kí ó dì mú. Fún ọ̀pọ̀ ọdẹ, òpin tiwọn ni yóò kúrú.

Ohun kan wà tí ọta kankan kò lè tún ṣe. Ọta tí ń lọ sí 500 yáàdì a máa lo ohun tí ó ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ lójú ọ̀nà. Láàrin ìgbà náà ẹran lè gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ibi tí ó jẹ́ àyà rẹ̀ a sì di ikùn.

Àkójọ àwọn ọ̀rọ̀

Kátíríìjì: odindi ohun tí wọ́n ń kì sínú ráífù, tí ikarahun, ohun ìdáná, ẹ̀tù àti ọta para pọ̀ jẹ́.
Ọta: ègé irin tí ń ti ẹnu ìbọn fò lọ, òun nìkan.
Hóró: ìwọ̀n kékeré tí 7,000 rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn kan.
Ìyára ẹnu ìbọn: ìyára ọta bí ó ti ń jáde.
Ìyára ìdé: ìyára ọta bí ó ti ń ba ẹran.
Ìyára ìfẹ̀: ìyára tí ó kéré jù lọ tí ó lè mú ọta fẹ̀ nínú ẹran.
Òǹkà ìla-afẹ́fẹ́: nọ́ńbà tí ń sọ bí ọta ṣe mọ afẹ́fẹ́ là sí.
Ìwálẹ̀: bí òòfà ilẹ̀ ṣe fa ọta sílẹ̀ tó.
Ìyẹ̀: bí afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣe ti ọta kúrò lójú ọ̀nà tó.
Ìlọ́: ìwọ̀n tí wọ́n fi lọ́ àwọn ìlà inú ọ̀pá ìbọn.

Ìkádìí

Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó ti wà lẹ́nu Yorùbá fún iṣẹ́ mìíràn: hóró wà nínú ọkà, ìlọ́ wà nínú okùn, fífẹ̀ wà nínú olú. Ohun tí iṣẹ́ ìtumọ̀ ń fẹ́ ni kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ipò kan ṣoṣo, kí ó má sì yà kúrò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin. Bí ìwé kan bá kọ "ìyára ọta" láìsọ bóyá ti ẹnu ìbọn ni tàbí ti ìdé, òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá ẹran náà yóò kú níbi tí ó dúró sí tàbí yóò gbé ọgbẹ́ lọ.